Ìgò Abẹ́rẹ́ Tí A Kò Ṣí

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa wá bá mi pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ronú ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe, mo rí i lójú wọn pé ìtàn ayọ̀ ni wọ́n ń retí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé iṣẹ́ àjẹsára dùn, pé ẹ̀mí àwọn ọmọdé ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi gbà là. Irọ́ kọ́ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo òtòkùlú ìlú pésẹ̀, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Tí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nírọ̀lẹ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ. Nítorí náà, màá sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ tọrùn bọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tó ń tọrùn bọ̀.

Fọlákẹ́ ni orúkọ mi. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Mazamaza ló mú mi wá sí Èkó lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, òun náà ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera. Nígbà tí mo jáde, ìjọba gbà mí síṣẹ́, wọ́n sì fi mí sí ilé ìlera kan ní Festac. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ẹni tó bá ń wá owó, kó má bá mi lọ lọ́nà yìí. Mi ò kàwé nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n lójú ará Èkó, ẹnikẹ́ni tó bá wọ funfun tó mú abẹ́rẹ́ dání, nọ́ọ̀sì ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè mí títí dòní.

Mátíróònù Ṣóyẹmí ni ọ̀gá wa. Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ará Ṣágámù, tí fìlà funfun orí rẹ̀ kì í wọ́. Kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, tí ìwọ tó ń bá wí á máa na ọrùn kí o lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ọ.

Lóde òní, inú ọ̀rá ni síríńjì ti ń wá, tó mọ́ tónítóní, tí a ó lò ó lẹ́ẹ̀kan tí a ó sọ ọ́ nù. Nígbà tiwa, gíláàsì ni. A ó fọ̀ ọ́, a ó sè é nínú ìkòkò lórí sítóòfù kẹrosíìnì, bí ẹni ń se ẹyin. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, a ó tún un lò ni. Mátíróònù kọ́ mi pé kí n máa fi òwú fa ẹnu abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òwú bá há sí i, ẹnu rẹ̀ ti ká nìyẹn, á ya ọmọ lára. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń fa òwú tí mo sì ń se síríńjì kí ó tó gbà kí n fọwọ́ kan itan ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, mo ti sè wọ́n tán, mo ń tò wọ́n sínú àwo, ni ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kan ẹnu ọ̀kan. Mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí.

"Tún un sè," ó wí.

"Gbogbo ẹ̀, mà?"

"Ṣé o mọ èyí tí ọwọ́ rẹ kàn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Eléyìí tó wà lápá ọ̀tún ni."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n. Tún gbogbo ẹ̀ sè."

Àwọn ìyá jókòó síta, àwọn ọmọ ń ké, ojú ń tì mí. Mo tún gbogbo ẹ̀ sè.

Bí ó ṣe le sí mi náà ló le sí fìríìjì. Fìríìjì àjẹsára wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣí i, á wo tẹmómítà, á sì pa á dé kíá bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ jí nǹkan kó níbẹ̀. Oògùn àjẹsára kò fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí ó di yìnyín. Àárín méjèèjì ló ń gbé, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà kan, ọ̀gá kan wá bẹ̀ wá wò láti káńsù, ọ̀kan nínú wa sì lo ìgbà tí fìríìjì yẹn wà ní ṣíṣí láti fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò ọ̀gá náà síbẹ̀ kí ó lè tutù. Mátíróònù mú un jáde níṣojú gbogbo èèyàn, ó nù ún, ó sì gbé e fún ọ̀gá náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má bínú, sà," ó wí jẹ́jẹ́. "Àwọn ọmọ ọwọ́ ló ni fìríìjì yìí."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì mu ún ní lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára obìnrin náà ni bó ṣe ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Kì í pe ìyá kan kí ó tó béèrè orúkọ ọmọ. "Ta ni ẹni tí mo ń wò yìí?" ni á wí, á sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ná. Kì í sì í tan ìyá jẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá máa mú kí ara ọmọ gbóná, á sọ ọ́. Bí itan á bá wú, á sọ ọ́. "Ìyá tí o bá purọ́ fún lẹ́ẹ̀kan, Fọlákẹ́, kò ní padà wá mọ́," ó máa ń wí fún mi. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́.

Nínú àwọn ìyá tó máa ń wá nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rísíkátù. Ijegun-Egba ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òun sì ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Agboju. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Kábíírù, jẹ́ ọmọ tó sanra, tí kì í sunkún lórí abẹ́rẹ́. Ńṣe ló máa ń dijú mọ́ èèyàn bí bàbá arúgbó tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ ọmọ ọwọ́. Ó ku ti èéyi nìkan, èyí tí ọmọ máa ń gbà nígbà tó bá lé lóṣù mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ tí Rísíkátù kọ́kọ́ gbé e wá fún ti èéyi, àwọn ọmọ tó wá kò pọ̀. Ìgò oògùn èéyi kan ń tó ọmọ púpọ̀, bí a bá sì ti ṣí i, kò gbọ́dọ̀ dọjọ́ kejì. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí a má ṣí odindi ìgò nítorí ọmọ kan tàbí méjì, kí oògùn má baà ṣòfò. Mátíróònù ṣàlàyé fún un, ó sì ní kí ó padà wá ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀. Rísíkátù ní kò burú, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn tó pé ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ooru ń bẹ bí iná. Epo bẹntiróòlù wọ́n, kò sí èyí tí a ó bù sí jẹnẹrétọ̀. Mátíróònù rán wa káàkiri lọ wá yìnyín, a rí díẹ̀ ní Mazamaza lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja, kò sì pẹ́ tí ó fi yọ́. Nígbà tí ó ṣí fìríìjì ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, tẹmómítà ti kúrò níbi tó yẹ kó wà. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀. Bóyá kò tíì ju wákàtí kan lọ. Bóyá láti ìrọ̀lẹ́ àná ni.

Níta, àwọn ìyá ti kún inú gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo mú ìgò kan, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Mà, ó ṣì tutù. Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Ọwọ́ kì í ṣe tẹmómítà, Fọlákẹ́."

"Ṣùgbọ́n bó bá ṣì dára ńkọ́, mà?"

"Bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Omi lásán la máa gún sí wọn lára. Ìyá á lọ sílé, á fọkàn balẹ̀ pé ọmọ òun ti gbà á. Bí èéyi bá wọ àdúgbò, kò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá mọ̀ pé ọmọ òun ò tíì gbà á, á padà wá."

Ó jáde lọ bá wọn. Ó ní kí wọ́n má bínú, iná ti já wa kulẹ̀, oògùn ti rí ooru, kò sí ẹni tó máa gba abẹ́rẹ́ èéyi lónìí, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ariwo sọ. Rísíkátù dìde láàárín wọn, Kábíírù wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mátíróònù, lọ́jọ́sí, ẹ ní a ò pọ̀ tó. Lónìí a pọ̀, ẹ ní oògùn gbóná. Ta lẹ fẹ́ kí n wá dà kí ẹ tó gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́?"

"Má bínú, ọmọ mi."

"Mi ò bínú, mà. Aṣọ ọdún Àjíǹde ló wà nílẹ̀ fún wa báyìí, ọ̀gá mi ò fẹ́ kí n kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ẹ bá mi gún un ní èyí tó wà níbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn."

"Èmi ni mi ò fara mọ́ ọn," Mátíróònù wí. "Nítorí Kábíírù ni mi ò ṣe fara mọ́ ọn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà gbé e. Mi ò tíì rí ibi tí obìnrin náà ti ṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ lónìí, ohun kan náà ni ìwé iṣẹ́ wa á ní kí n ṣe.

Ìyá tó bá mọ̀ á padà wá, ó ní. Òótọ́ ni. Rísíkátù padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Mi ò mọ bí ó ṣe bẹ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wá, ó sì tètè dé ju gbogbo èèyàn lọ. Oògùn ni kò dé. Ibi tí wọ́n ti ń pín in fún gbogbo wa ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, wọ́n ní tiwọn náà ti tán, àwọn ń retí. Mátíróònù fúnra rẹ̀ sin Rísíkátù dé ẹnu géètì, ó ń bẹ̀ ẹ́. Rísíkátù tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so, ó sì ń lọ.

Èéyi wọ Ijegun-Egba lẹ́yìn náà. Ọmọ obìnrin kan tó ń gbé ní àgbàlá kan náà pẹ̀lú Rísíkátù ló kọ́kọ́ mú, ni ó bá ran àgbàlá náà. Àwọn tó kù rù ú là. Ti Kábíírù wọ àyà, kò lè mí dáadáa mọ́. Orí ọ̀nà ọsibítù ló kú sí, lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Obìnrin tó bá wọn gbé àgbàlá yẹn ló wá sọ fún wa nígbà tó gbé ọmọ tirẹ̀ wá fún ìtọ́jú. Kò mọ̀ pé a mọ Kábíírù. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Mátíróònù bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi kọ́. "Bá mi lọ," ó wí fún mi.

A wọkọ̀, a sọ̀, a fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn. Ìyá ọkọ Rísíkátù ló gbà wá lálejò. Ó gbé ìjókòó fún wa, ó kí wa dáadáa, ó ń tu àwa tó wá kí i nínú. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ó ń wí. "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Nínú yàrá, a ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́, Rísíkátù sì jáde. Ó kúnlẹ̀ kí wa bí ó ṣe yẹ. Ó ti rù.

"Mátíróònù," ó wí, "ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Oògùn ọjọ́ yẹn, èyí tí ẹ ní ó ti rí ooru. Ṣé ó ti bàjẹ́ dájú?"

Mo wo Mátíróònù. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára mọ́.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ó lè ti bàjẹ́. Ó sì lè má tíì bàjẹ́. Mi ò mọ̀, ọmọ mi, n kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé."

Rísíkátù mi orí.

"Ẹ ò bá purọ́ fún mi," ó wí. "Ǹ bá gbà á."

Ó dìde, ó padà sínú yàrá. Kò pẹ́ tí a tún gbọ́ ẹ̀rọ.

Agboju la ti ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí Mátíróònù yíjú sí mi, ó ní, "Fọlákẹ́, ṣé ó yẹ kí n purọ́ fún un?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi tí kì í ṣe láti dán mi wò.

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan yí padà ní ilé ìlera wa. Kò tíì pẹ́ tí oògùn dé, ìyá kan gbé ọmọ wá lóun nìkan ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, mo sì ti fẹ́ sọ fún un pé kí ó padà wá.

"Ṣí i," Mátíróònù wí láti ẹ̀yìn mi.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni, mà. Ìgò á ṣòfò."

"Mo ní ṣí i."

Mo ṣí i. A fún ọmọ náà, a sì da ìyókù nù nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá kan láti òkè bá a wí nítorí irú ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò jiyàn, kò sì ṣíwọ́. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni àṣẹ tuntun dé pé kí a máa ṣí ìgò nítorí ọmọ kan. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Bákan náà, bí ó bá di dandan kí a dá ìyá padà, a ó béèrè ilé rẹ̀, a ó sì gbé àpótí yìnyín kọ́ èjìká tọ̀ ọ́ lọ nígbà tí oògùn bá dé. Báyìí ni mo ṣe mọ gbogbo ihò àti kọ̀rọ̀ Ijegun-Egba. A máa ń kọjá níwájú ilé Rísíkátù. Ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì.

Nígbà tó yá, ó bí ọmọbìnrin kan, Àmínà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e wá gba abẹ́rẹ́. Ó gba gbogbo ẹ̀ pé. Lọ́jọ́ tí mo fún Àmínà ní ti èéyi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo tẹmómítà kí n tó ṣí ìgò, èmi tí mo ti gún àìmọye ọmọ. Mo wá yọjú síta lẹ́yìn náà, mo sì rí Rísíkátù ní òdì kejì ọ̀nà, ó dúró, ó ń wo géètì wa.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìyá wá. Kò sí ẹni tó rán an. Á lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò rẹ̀, á ní, "Ẹ dìde, ọjọ́ abẹ́rẹ́ lónìí." Tí ìyá kan bá ní òun ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ń sọ ọmọ di àgàn, kò ní bá a jà. Á jókòó tì í, á sọ ti Kábíírù fún un. Ó máa ń kó wọn wá bí olùkọ́ ṣe ń kó ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kì í wọlé. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì níta títí gbogbo wọn á fi jáde, á sì sìn wọ́n padà.

Mo jáde lọ bá a lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Rísíkátù, wá jókòó nínú ilé, oòrùn pọ̀."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ fi mí sílẹ̀ níbí," ó wí. "Mo ti rò ó, mo ti gbà pé ohun tí ẹ ṣe dára. Orí mi gbà á. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbà."

Mo sọ èyí fún Mátíróònù. Ó dúró sí ojú fèrèsé, ó ń wò ó. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó máa ń rán wa pé kí a gbé ìjókòó jáde fún un. Òun fúnra rẹ̀ kì í jáde. Ó ní òun ò fẹ́ kí rírí òun máa ṣí egbò obìnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí dùn mí ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Àwọn obìnrin méjì tí mo bọ̀wọ̀ fún jù níṣẹ́ yìí nìyẹn.

Mátíróònù fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ṣágámù, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi. Àwọn irinṣẹ́ tuntun ń dé. Síríńjì tó ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan dé, ìkòkò àti sítóòfù wọ àgbàlá lọ. Fìríìjì tó ń lo oòrùn dé. Ṣùgbọ́n ohun tó mì mí jù ni àmì kékeré kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn. Ó rí róbótó, funfun sì wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ti ń mú oògùn, funfun náà á máa ṣú. Bí ó bá ti ṣú dé ibì kan, ẹni tí kò kàwé á mọ̀ pé kí a sọ ọ́ nù. Bí kò bá tíì ṣú, iná ì báà lọ títí, oògùn ṣì dára.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ìlò rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́. Èmi jáde síta.

Mo mú òfìfo ìgò oògùn rọpárọsẹ̀ kan tó ní àmì náà lára, mo fọ̀ ọ́, mo sì gbé e lọ sí Ṣágámù. Ojú Mátíróònù kò ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn. Ó gbé ìgò náà súnmọ́ ojú, mo ṣàlàyé fún un. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ibi tí àmì náà wà.

"Kò ju báyìí lọ?" ó wí.

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

"Ohun tó kéré báyìí." Ó gbé ìgò náà padà fún mi. "Rísíkátù ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń wá?"

"Ó ṣì ń wá, mà."

"Ṣé ó ti wọlé?"

Mo ní rárá. Ó ní kí n bá òun kí i. Mo jíṣẹ́ náà. Rísíkátù ní kí n bá òun kí i padà. Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, Mátíróònù ti papòdà. Mo ń rò ó nígbà mìíràn pé bóyá àwọn méjèèjì ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní láti sọ nínú ìkíni yẹn. Nígbà mìíràn, mo mọ̀ pé wọn ò sọ ọ́.

Ọdún kọjá lọ. Rọpárọsẹ̀ burúkú tó ń rọ ọmọdé lẹ́sẹ̀ lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ tuntun ń pọ̀ sí i. Nígbà tí Kòrónà dé, àwa tí wọ́n ti ń pè ní nọ́ọ̀sì ọmọ ọwọ́ wá ń gún bàbá àti ìyá wọn lábẹ́rẹ́. Àwọn kan ń bẹ̀ wá, àwọn kan ń sá fún wa nítorí ohun tí wọ́n kà lórí fóònù. Ní ti Festac wa yìí, tí ọ̀pọ̀ òbí ní ọmọ lókè òkun, ẹ̀dùn ọkàn mìíràn tún wà. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní kúlóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré, tó tẹ̀lé tiwa, máa ń wá bá mi ní gbogbo ọyẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ní Kánádà tún ti pè. Ó ní abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn olóró yẹn ńkọ́, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún arúgbó lọ́dọ̀ àwọn." Màá ní, "Bàbá, kò tíì sí lára èyí tí ìjọba ń fún wa. Ọsibítù aládàáni kan lè bá yín wá a." Á rẹ́rìn-ín. "Kí n sọ fún un pé mo ti gbà á?" á wí. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí èèyàn wá, kí ó tún wá, kí ohun tó ń wá má sì sí nílé. Títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mi ò rí i fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Ọmọ tí àjẹsára gbà là, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ìwọ tí o gún un kò mọ̀. Á dàgbà, á kọjá lára rẹ ní Agboju, á ní kí o kúrò lọ́nà. Àwọn tí o pàdánù nìkan ni wàá mọ orúkọ wọn. Ẹni tí kò bá lè gbé irú ẹrù yẹn, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe é. Bí ọ̀kan nínú yín bá ṣe é, inú mi á dùn. Mo kàn fẹ́ kí ó mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ìdágbére fún mi nínú gbọ̀ngàn ilé ìlera. Wọ́n yá àga, wọ́n so bàlúùnù, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Ọ̀gá tuntun, ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ní òun fẹ́ fún Rísíkátù náà ní ìwé ìmọrírì nítorí gbogbo ìyá tó ti kó wá. Ó rán ẹni méjì lọ pè é wọlé. Wọ́n padà wá, wọ́n ní Màmá Àmínà ní òun wà dáadáa níbi tí òun wà.

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo bu ìrẹsì sínú abọ́ méjì, mo mú ẹlẹ́rìndòdò méjì, mo gbé wọn jáde lọ bá a ní ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó ti ní ewú lórí. Ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. A jẹun. Nínú gbọ̀ngàn, a ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa mi, bí mo ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ tòótọ́, bí mo ṣe gba ẹ̀mí là.

Rísíkátù nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà.

"Ì bá ti ní ìyàwó báyìí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

"Ẹ rò pé irú èwo ni ì bá fẹ́?"

Mo wò ó. Mo rántí ojú Kábíírù, bí ó ṣe máa ń dì í mọ́ wa. Mo ní, "Ẹni tó lè fara da agídí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì gbọ́ kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n pe orúkọ mi kí n wá gba ẹ̀bùn mi. Wọ́n tún un pè. Mi ò dìde.